Níbo Ló Ń Dùn Ọ́?

Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá iléèwé ní kí n tún sinmi díẹ̀ sí i. Kí n sinmi, kí n máa wo ṣòkòtò ọkọ mi tó ṣì so lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Wọ́n ti sin ín, mi ò tíì sunkún. Àwọn olùkọ́ ń kí mi kú ará fẹ́ra kù. Ẹnu mi ló ń dáhùn, èmi kọ́.

Ẹ̀kọ́ ìlera: ọwọ́ fífọ̀. Ọṣẹ, omi, àárín ìka, abẹ́ èékánná. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi bi mí bóyá kòkòrò àìfojúrí náà máa ń sùn lálẹ́. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá rẹ́rìn-ín kú.

Ìlà kejì ni Rédíò jókòó sí. Ọmọ mi ni. Orúkọ tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nìyẹn, torí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Àdéhùn wa ni pé Màmá wà nílé, Àǹtí wà ní kíláàsì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹjọ́ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ ìkejì.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo jẹun. Mi ò mọ ohun tí mo jẹ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ìyá ọkọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ látinú yàrá — ó ń kìlọ̀ fún Rédíò pé kó má da màmá ẹ̀ láàmú o, èyí tó wà lọ́rùn ẹ̀ ti tó. Rédíò ní òun ti gbọ́, mà.

Ilé dákẹ́ látìgbà náà. Ọmọ tí í máa rọ́ àlá àná títí di alẹ́! Ó yẹ kó ká mi lára. Ó tù mí lára ni.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Rédíò fi oúnjẹ sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní bàbá rẹ̀ ló ń rò. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń sùn. Mo rí i. Mo kàn rí i ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo sunkún lónìí. Ní ilé ìwòsàn, lójú gbogbo èèyàn, imú àti ojú. Dókítà ní awọ inú etí Rédíò ti lu. Ó ní yóò san, àmọ́ a pẹ́ ká tó dé.

Ẹ̀kọ́ ìlera tòní ni — ibi tó ń dunni. Mo ya ọmọ kan sójú pátákó kí wọ́n lè máa fi ìka tọ́ka. Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ lọ́dọọdún: ara tó ń dunni kì í ṣe àṣírí, ẹ sọ fún àgbàlagbà nílé, bí ẹ ò bá lè sọ nílé, ẹ wá sọ fún Àǹtí. Ọ̀kan ní inú máa ń run òun tí ìṣirò bá ti dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, Rédíò wá síbi tábìlì mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, bíi pé a ò jọ jí nínú ilé kan náà. Ó ní etí òsì ń dùn òun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ṣí fìlà iléèwé rẹ̀. Ọyún ti gbẹ mọ́ irun rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ nílé. Ó wolẹ̀. Ó ní:

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá mi."