Ẹrù Tí Mo Já Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ mi àtàtà,

Láti ilé wa ní Ìbà ni mo ti ń kọ̀wé yìí sí ọ ní Àbújá, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò bá mi dì í mú. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ọlọ́run tó gbé yín jókòó síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí àga yẹ̀ lábẹ́ yín o. Bí ẹ bá béèrè mi, ara mi dá ṣáṣá, eékún nìkan ló máa ń ké bí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n mi ò dá a lóhùn.

Nílé, àlàáfíà ni. Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá wó igi ìbẹ́pẹ ẹ̀gbẹ́ kànga lu ògiri ẹ̀yìnkùlé, ògiri ò sì mì, torí èmi ni mo mọ ọ́n. Ṣàkírát, ayálégbé wa inú yàrá iwájú, ti bí ọmọkùnrin, èmi ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e fún, wọ́n ní kó lè lápá bíi tèmi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́. Ta ni wọn ì bá tún fi ṣe?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló mú mi kọ̀wé, ọ̀rọ̀ náà ò sì dùn ún sọ. O rántí pé ní oṣù tó kọjá, bí a bá ń rí ara wa nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ojú rẹ á kàn dúró gbári, ẹnu rẹ á là sílẹ̀, o ò ní mira mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé nǹkan ti ṣe ọ́ ni, mo ti ka Sáàmù mẹ́ta kí o tó tún máa sọ̀rọ̀. O ní ó ti ń rẹ kọ̀ǹpútà ni, kí n gbé e lọ fún Rótìmí, ọ̀gá tó ń tẹ̀wé tó sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìyànà-Ìbà, kó wò ó bóyá ó yẹ ká fi mẹ́mọ́rì kún un. O ní èmi ni olórí ilé, ohun tí mo bá sọ labẹ gé. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí i, mo gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ìyànà-Ìbà.

Rótìmí ní mẹ́mọ́rì gíìgì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ká fi mẹ́rin kún un kó di mẹ́jọ, á máa sáré. Mo ní kó fi ohun tó fẹ́ tà fún mi hàn mí. Ó mú pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde tí kò tó ìka mi méjì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní èmi Ṣàngódèyí tí mo wa típà yanrìn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí mo kúrò ní ìwé kẹta tí mo sì kọ́ ilé yàrá mẹ́jọ, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ohun tí ẹrù ń fojú ẹ́ńjìnnì rí? Bí típà bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè, ṣé ẹ́ńjìnnì kejì la máa ń lọ rà? Yanrìn la máa ń dà sílẹ̀ díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí ji awakọ̀, ọkọ̀ á sì gùn ún. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù sí yàtọ̀ sí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, pé àjà mi ò tíì kún, tábìlì tó fi ń ṣiṣẹ́ ló kéré. Mo ní kó palẹ̀ àjà òun tábìlì rẹ̀ mọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo wá sílé.

Ọ̀rẹ́, mo já ẹrù. Mo jókòó tì í láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Ohun tí mo bá mọ̀, bí àwòrán ìgbéyàwó rẹ àti ìwé ilẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Mo wá rí àwọn kan, méjìlélógún, wọn ò lórúkọ, nọ́ńbà gbọọrọ ló wà lára wọn. Mo ní ohun tí kò lórúkọ, kí ló ń wá nínú ilé mi? Mi ò tilẹ̀ ṣí ẹyọ kan wò. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo sípẹ́lì rẹ̀ títí ó fi yé mi, inú sì bí mi, torí ta ló ń bi mí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí mo fọwọ́ ara mi kàn? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i pé inú dọ́sìbìnì kékeré tó wà lójú rẹ̀ ló kó gbogbo wọn sí. O mọ̀ mí, ìdọ̀tí kì í sùn nínú ilé mi. Mo da dọ́sìbìnì náà nù pẹ̀lú, mo bu omi tútù mu, mo ní iṣẹ́ parí.

Lọ́jọ́ Àìkú, ojú rẹ tún dúró gbári. Mi ò sọ fún ọ.

Lọ́jọ́rú lo wá pè mí. O ní ìrántí ọdún kejì ikú ìyá rẹ ti ń bọ̀. O ní ohùn rẹ̀ tí o gbà sílẹ̀ nígbà àìsàn, lórí fóònù tí wọ́n jí lọ́wọ́ rẹ, o ti kó o sínú kọ̀ǹpútà ilé, méjìlélógún, àti ibi tó ti ń ki àwọn ọmọ rẹ lóríkì, àti ibi tó ti ń sọ bí èmi àti òun ṣe pàdé ní Òkókómàíkò. O ní kí n bá ọ gbé e fún Rótìmí kó fi ránṣẹ́. Mo ní kò burú. Ọmọ mi, ó burú. Ohùn ìyá rẹ ni mo dà sí títì bí yanrìn, mi ò sì lè fẹnu sọ ọ́ fún ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Mo padà tọ Rótìmí lọ, díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní bóyá a ó rí díẹ̀, bóyá a ò ní rí ìkankan, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tan kọ̀ǹpútà náà, torí bí a bá ń lò ó, ẹrù tuntun á máa jókòó sórí ti àtijọ́. Mo ti yọ wáyà rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, níbi tí ìyá rẹ máa ń sùn sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ní kí Ṣàkírát gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ jìnnà sí wíńdò yẹn kí iná má baà ta sí i.

Jọ̀ọ́, fi owó tí Rótìmí máa fi wá àwọn ohùn náà ránṣẹ́. Fi lé awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá lọ́wọ́, má gba ti báǹkì, ẹ̀rọ wọn máa ń béèrè ọ̀rọ̀ jù. Ní ti mẹ́mọ́rì, ìwọ ni kó o sọ bóyá ká fi kún un tàbí ká má fi kún un. Ohun tí o bá sọ la ó ṣe.

Bí ohùn rẹ̀ bá sì kù níbòmíràn, ì báà jẹ́ lórí fóònù ọkọ rẹ, ì báà jẹ́ ibi tó ti ń bú mi, fi í ránṣẹ́. Nígbà tó wà láyé, kì í sọ gbólóhùn méjì tán kí n tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, màá dákẹ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́ ohùn rẹ pẹ́. Ohun tí o bá tọ́jú kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ iyì rẹ̀, kódà kó jẹ́ bàbá rẹ.

Èmi ni,
Ṣàngódèyí