Ta Ló Jẹ Ọbẹ̀ Ẹlẹ́ran Oníbíà Yẹn?

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ kò dà ọ́ láàmú, ṣé ògiri yàrá rẹ tó ń gbomi ti gbẹ? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí ojú má tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ, kí iná ìdáná má sì jó ọ lọ́wọ́. Àdúrà ti iná ìdáná yìí, ìyá rẹ ló ní kí n fi í kún un, o máa mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Àwa náà wà dáadáa, àfi pé a kò wà dáadáa. Ìyá rẹ kò jẹ oúnjẹ alẹ́ mọ́, ìwọ lo sì fà á.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò sì fẹ́ fo ibì kankan. Nígbà tí ìyá rẹ béèrè lórí fóònù pé kí lò ń jẹ níbẹ̀, o ní ẹnu iṣẹ́ lo wà, o ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, o máa fi nǹkan ránṣẹ́ tí a máa fi rí i. A rò pé fọ́tò ni. Àfi bí ìwọ fúnra rẹ ṣe yọ sí wa nínú fóònù, ìkòkò ńlá kan níwájú rẹ, tí o ń gé àlùbọ́sà. Inú mi dùn débi pé mo ṣí fìlà. Mo ní o kú iṣẹ́ o. O ò dáhùn. Mo gbóhùn sókè, mo tún un sọ, o ò tiẹ̀ wojú mi, àlùbọ́sà lo gbájú mọ́. Ọmọ mi, inú bí mi. Mo bi ìyá rẹ pé ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ìlú ńlá nìyí, kí bàbá ẹni máa kí ni kí èèyàn máa gé àlùbọ́sà. Ó ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé àlùbọ́sà ló ń ta ọ́ lójú, o ò ríran dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì a tún ṣí i, o tún wà níbẹ̀, o tún ń gé àlùbọ́sà. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Bí a bá ṣí i láàárọ̀, o ń sebẹ̀. Bí a bá ṣí i nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, o ń sebẹ̀. Mo wá ń rò ó pé ìgbà wo gan-an lọmọ yìí ń lọ síbi iṣẹ́, àti pé irú ọbẹ̀ wo lèèyàn ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kì í parí? Ìyá rẹ ń bá ọ sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, ó ní kí o ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ sókè kí iná má baà ràn mọ́ ọn. O ò ká a. Gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́, o ò ká a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà míì ilẹ̀ á kàn ṣú láàárín ọbẹ̀, a á ní wọ́n ti mú iná lọ lọ́dọ̀ rẹ, a á jókòó sínú òkùnkùn dè ọ́, kó tó di pé a rí i pé fóònù tiwa ni iná tán nínú rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tó ń bá wa fi iná sí fóònù, ló ṣàlàyé fún wa. Ó ní kì í ṣe pé o wà níbẹ̀ báyìí, pé o ti ṣe é tán tipẹ́, pé fóònù kàn bá wa tọ́jú rẹ̀ ni. Ó fi ìyàwó rẹ̀ hàn wá nínú tirẹ̀ níbi tí ìyàwó ti ń jó, nígbà tí ìyàwó kan náà dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pè é wá jẹun. Mo gbà. Kì í ṣe pé orí mi ò pé. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè ohun kan. Bó bá jẹ́ pé o ti ṣe é tán, ta ló jẹ ọbẹ̀ náà? Torí ibì kan náà ló máa ń dé. O á ṣí ìdérí, o á fi ṣíbí tọ́ ọ wò, o á ní ó ku kó jókòó díẹ̀ sí i lórí iná kó lè ki, o á dé e padà, ọwọ́ rẹ á wá máa bọ̀ títí á fi bo gbogbo ojú fóònù, ó parí nìyẹn. A ò rí ibi tí o ti bu oúnjẹ. A ò rí ibi tí o ti jókòó.

Ohun tó wọ ìyá rẹ lọ́kàn tí kò jáde mọ́ nìyẹn. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí o wọ̀ yẹn, òun ló rán an fún ọ kí o tó lọ, òun ló wọn èjìká rẹ, ọwọ́ òun kò sì ṣìnà. Ó ní kí n wò ó bó ṣe ń jù lára rẹ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo ní bóyá fífọ̀ ló jẹ́ kó fẹ̀. Láti ìgbà náà, tó bá di alẹ́, á bu tèmi fún mi, á dé tirẹ̀, á ní ọmọ òun ò tíì jẹun. Tíì àti búrẹ́dì àárọ̀ ló ń gbé e ró. Tí mo bá ń bẹ̀ ẹ́, á ní kí n fi ibi tí o ti jẹun han òun ná. Kò lè dúró sójú kan. Á lọ sẹ́nu ọ̀nà, á padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á ṣí fóònù, á pa á. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Nínú ilé kékeré yìí, àwa méjèèjì ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà yàrá, a ń yà fún ara wa, a tún ń pàdé.

Ibì kan wà nínú ọbẹ̀ rẹ, lẹ́yìn tí o bá ti da tòmátì sí i, níbi tí o ti máa ń gbójú sókè díẹ̀, o á rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ti mọ ibẹ̀. Tó bá kù díẹ̀, á pe orúkọ tó máa ń pè ọ́ nígbà tí o wà ní kékeré, o á sì gbójú sókè. Onígbàjámọ̀ ṣàlàyé ṣàlàyé, ó sú u. Ìyá rẹ ní òun gbọ́, ó sì tún pè ọ́.

Dúró ná, ìyá rẹ ń pè mí.

Mo ti dé. Ó ní ṣé mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí o máa wọ bàtà tí o bá ń dáná. Mo ti kọ ọ́ báyìí.

Èmi wá sọ fún ara mi pé tí ìwọ ò bá parí ọbẹ̀ yìí, èmi á parí rẹ̀. Màá sè é bí o ṣe sè é, láti orí àlùbọ́sà, màá mú un kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ ti ń bo fóònù, kí ìyá rẹ lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ó máa ń jinná, wọ́n sì máa ń jẹ ẹ́. Ìwọ náà mọ̀ mí. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo kọ́. Ohun tí mo mọ̀ nínú ìdáná ni kí n béèrè pé ṣé ó ti jinná.

Bíà tí o máa ń dà sí tìrẹ ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ọtí ní ìkóríta, mo ní kó fún mi ní ìgò kan, ó bojú wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi sè. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ṣe ń sọ. Mo tì í bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó tutù bíi yìnyín, mo wá ń tẹ̀ lọ bí ẹni tí inú ń run. Onígbàjámọ̀ rí mi, àánú mi ṣe é, ó sáré wá dì mí mú, ìgò bá yọ gànràn lójú gbogbo àwọn tó wá gẹrun. Ọmọ mi, mo ti dọ̀rọ̀ sọ ládùúgbò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn lébìrà mi kóra jọ wá bá mi, wọ́n ní tí ohun kan bá ń dùn mí lọ́kàn kí n sọ fún àwọn, kí n má fi ọtí pa á rẹ́.

Mo gé ẹran màlúù wẹ́wẹ́. Mo yí i nínú òróró títí ó fi pọ́n. Mo da àlùbọ́sà sí i, mo da áyù, ata, tòmátì àti ẹ̀wà pupa tí ìyá rẹ ti bá mi bọ̀ sílẹ̀. Ìyẹ̀fun rẹ́súrẹ́sú tí o wọ́n sí tìrẹ, mi ò mọ̀ ọ́n, mo fi í sílẹ̀. Mo wá da bíà sí i, ó hó sókè bí ọṣẹ, díẹ̀ ló kù kí n sá jáde. O ti sọ nínú fóònù pé tó bá ń hó, ọtí inú rẹ̀ á jáde lọ, adùn rẹ̀ nìkan ló máa kù. Mo wòkè, mo wòlẹ̀, mo ní ibo ló máa gbà jáde báyìí? Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì. Mo bá ṣí fèrèsé, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ní kí ìyá rẹ yà fún un lọ́nà. Ó yà. Kò pẹ́ sí i, òbúkọ aládùúgbò wa tó sùn sábẹ́ fèrèsé dìde, ó ń rìn tàgétàgé, ó lọ forí sọ ògiri. Mo ní ẹ ò rí i, ọtí ti pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ìyá rẹ ní òbúkọ náà ti darúgbó ni. Mi ò bá a jiyàn.

O ní kó jókòó lórí iná, èmi náà jókòó tì í. Mo ń rò ó láti ìsàlẹ̀ bí a ṣe ń po sìmẹ́ńtì, ó ń lọ dáadáa, àfi ìgbà tí mo ní kí n wo fóònù bóyá tèmi ti bá tìrẹ mu. Ibi tí mo ti ń wo tìrẹ ni tèmi ti jó. Ìsàlẹ̀ nìkan ni o, ṣùgbọ́n ìkòkò tí ìyá rẹ fẹ́ràn jù ni, ìdí rẹ̀ ti di èédú, mo ti fi yanrìn ha á títí, kò gbọ́.

Ọmọ mi, ọbẹ̀ náà dùn. Ẹran rẹ̀ rọ̀, ata rẹ̀ mú, ẹ̀wà rẹ̀ ti fa omi ẹran mu, ìkorò bíà wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ tí kò sì bà á jẹ́. Mo ti bínú sí ọ nítorí ìkíni, mo dárí jì ọ́. O mọ ọbẹ̀ sè. Inú mi dùn sí ọ gan-an.

Mo bù ú, mo gbé e síwájú ìyá rẹ. Ó wò ó pẹ́. Mo rò pé ó ti fẹ́ jẹ ẹ́. Ó bu ṣíbí kan, ó fẹ́ ẹ títí ó fi tutù, ó ṣí fóònù, ó dúró dè ọ́ títí o fi dé ibi tòmátì, ó pè ọ́, o gbójú sókè, ó sì na ṣíbí sí ọ lẹ́nu. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ó ṣàn sórí dígí, ó wọ inú ihò tí fóònù fi ń sọ̀rọ̀, fóònù gbọ̀n, ó kú. Onígbàjámọ̀ tú u, ó yọ èèpo ẹ̀wà kan jáde, ó ní ata ti wọ inú rẹ̀ lọ, iṣẹ́ náà ju agbára òun lọ. Nọ́ńbà rẹ wà nínú rẹ̀. Bí a ò ṣe lè pè ọ́ nìyẹn, tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Ìyá rẹ kò rí ọ mọ́ ní àárọ̀, kò rí ọ ní alẹ́. Ó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò tẹ̀ ẹ́.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, torí ìyá rẹ kò sí níbí báyìí. Aṣọ kì í fẹ̀ nítorí fífọ̀. Èmi náà rí èjìká rẹ. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, mi ò sì lè fi hàn án, torí tí àwa méjèèjì bá bẹ̀rù, ta ló máa dáná?

Dírẹ́bà tó ń kó pákó wá sí ìlú yín, èyí tí a ń pè ní Sùúrù, ló gbé lẹ́tà yìí wá. Abọ́ tí a dì sínú aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ náà ni, láti òkè ìkòkò, mo ti gbé e kaná láàárọ̀ yìí. Tún un gbé kaná, kí o jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó má kúrò níbẹ̀ títí o fi jẹ ẹ́ tán. Ó ní òun ò ráyè, mo bá ṣèlérí pé màá bá a mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ló bá ráyè. Tó bá wo ẹnu rẹ, má bínú, èmi ni mo rán an.

Tí owó bá wà, fi díẹ̀ rán Sùúrù sí wa, ká fi ra ìkòkò fún ìyá rẹ, ká sì fi tún fóònù ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó oúnjẹ rẹ ni, má fi ránṣẹ́, a ò fẹ́ ẹ. Kí Ọlọ́run fi oúnjẹ síwájú rẹ, kó fún ọ láyè láti jẹ ẹ́, kó fún ọ ní ẹni tẹ́ ẹ máa jọ jẹ ẹ́. Kí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn tún fún ọ lọ́rùn lójú wa.

Abọ́ yẹn, abọ́ ìyá rẹ ni. Ó ní òun ò ní fi òmíràn jẹun. Tí o bá jẹ ẹ́ tán, fún Sùúrù kó gbé e padà bọ̀, má fọ̀ ọ́ o. Ó fẹ́ rí ipa ṣíbí rẹ nínú rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.