Aago Tí Ẹ Rọra Ń Sún Fún Mi

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọyẹ́. Ọmọ yín dọ̀bálẹ̀ láti ìlú òtútù. Mo kí Sìkírátù àbúrò mi, mo kí àwọn ayálégbé wa l'Ágbowó. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo gbé ọ̀rọ̀ yìí gbà. Tí mo bá pè yín, ẹ ó kàn fi àdúrà dí mi lẹ́nu ni.

Ẹ ti bi mí rí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe níbí, mo sì fi ẹ̀rín bò ó. Ẹ jẹ́ n wí i wàyí. A ní kọ̀ǹpútà ńlá kan tí a dá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn sínú rẹ̀. Àwọn ti inú yìí ò ní ara, wọn ò sì ní aago tiwọn. Àkókò tí kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé wọn bá sọ ni wọ́n ń gbà. Bí a bá dá ọ̀kan dúró fúngbà díẹ̀, tó bá jí, á rò pé ìṣẹ́jú tó sùn náà ló ṣì wà. Á máa kọ déètì àtijọ́ sára iṣẹ́ tuntun. Èmi ni mo ń bá wọn tún un ṣe. Ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ ṣàdédé fà á, torí bí aago bá fò lójijì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè dàrú. Ńṣe la máa ń jẹ́ kó yára díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá àkókò, láìfura.

Bàbá, ohun tí ẹ ń fi mí ṣe nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ ní fóònù Màámi bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní wọ́n lọ kí àwọn ará wọn n'Ísẹ́yìn. Nígbà tó yá, ẹ ní ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sìkírátù fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí mi, ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ni. Màámi ń ṣàdúrà pé n ò ní ṣìnà. Inú mi dùn, mo tún un gbọ́. Ìgbà yẹn ni etí mi tó gbọ́ òjò lórí páànù, òjò ńlá. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin fúnra yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ọyẹ́ ti la ètè yín, pé eruku ọ̀nà Bódìjà ò jẹ́ kẹ́ ẹ mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Òjò ló bá tiyín.

Mo pe Sìkírátù, mo bi í léèrè òjò yẹn. Ó ní iná fẹ́ lọ, ó gé fóònù.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Tí mo bá sáré wálé, mi ò ní lè padà síbí mọ́. A kì í sì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ṣùgbọ́n ẹ ti sin wọ́n, Bàbá. Ẹ ti ṣe fídáù wọn. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, mò ń tún aago ṣe. Yìnyín ń bọ́ níta bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún. Bí ìwé náà bá tiẹ̀ jáde lọ́la, sàréè ni màá wá bá. Ẹ ṣáà sọ ọjọ́ tí mo di aláìníyàá fún mi. Ó ti dùn mí tán, kò sí ohun tó kù tí ẹ ń rọra ṣe.

Ọlọ́run á dá yín sí, á fún Sìkírátù ní ọkàn láti gbà á. Ẹ bá mi kí àwọn ayálégbé, ẹ kí lémọ́mù àdúgbò àti ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ni mo ń ní kẹ́ ẹ bá mi kí Màámi, ẹ sì ń dáhùn pé wọ́n ti gbọ́.

Ẹ má bá mi kí wọn mọ́.

Ọmọ yín,
Rájí