Màmá Tó Ń Ṣe Opó Lójoojúmọ́

Ẹ̀yin olóòtú ètò wa, ẹ foríjì mí pé mo tilẹ̀ gbójú kọ̀wé. Ọdún kìíní mi rèé nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, nílé àwọn arúgbó tí òyìnbó dá sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Màmá kan níbẹ̀ kì í rántí nǹkan mọ́. Ọkọ wọn ni wọ́n ń bèèrè ṣáá. Nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ á ní, "Bàbá ti kú, Màmá." Màmá á tú irun wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ opó lákọ̀tun. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán á ní, "Bàbá lọ sí Adó-Odò ni, wọ́n ń bọ̀." Màmá á ní kí n bá àwọn dirun, wọn ò sì ní jẹun àfi tí baálé wọn bá dé. Wọ́n ti rù gan-an.

Mo ní kí àwọn nọ́ọ̀sì fẹnu kò sójú kan. Wọ́n ní, "Ìwọ tó dé lánàá?"

Èwo ni kí n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa sọ? Ẹ dáhùn lórí asọ̀rọ̀mágbèsì, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka lẹ́tà yìí síta, ẹ má sì dárúkọ mi.