Ọkọ̀ Ìyàwó Mi Ti Gòkè Odò

Àbúrò mi, ìyàwó mi kú níbẹ̀rẹ̀ òjò, ìwọ sì kọ̀wé sí mi pé ká ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kó tó jẹrà sódò. Mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún ń dùn mí, àmọ́ mo ń jẹun.

Àkọ́bí mi ra ẹ̀rọ àlòkù tó ń gbé ọkọ̀ kúrò lómi. Ọkọ̀ tó ní ikùn kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Àgbá gígùn méjì tó ń léfòó ló gbé tiwa.

Mo ní, "Ṣé ọ̀já kan lo fẹ́ fi pọn ìbejì?"

"Bàbá, ẹ ṣáà máa wò mí."

Ó to igi gígùn sórí ẹ̀rọ náà, sábẹ́ àgbá kọ̀ọ̀kan, ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Ọkọ̀ gòkè wẹ́rẹ́, omi ń ro lára rẹ̀. Látìgbà tí a ti sin ìyàwó mi, n kò tíì rí ohun kan tó dìde. Kò ní jẹrà sódò mọ́.

Ọlọ́run á dá ẹ sí. Ọ̀rọ̀ títà ọkọ̀ náà, àkọ́bí mi tó ń bá mi kọ̀wé yìí ni kí o bá sọ ọ́.