Bá Mi Yẹ Ajẹ̀wé Wò Bí O Ti Ń Yẹ Àbùùbùtán Wò

Ọmọ mi àtàtà, Agbẹ̀bí Ẹja,

Gbogbo ìlú ló pé jọ lọ́jọ́ Sátidé láti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá rẹ ṣe lórí iṣẹ́ rẹ, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi pọ́n. Ṣùgbọ́n kí n tó ròyìn, jẹ́ ká kí ara wa bí ọmọlúàbí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òkun kò bínú? Ṣé àwọn aláboyún inú omi ń ṣe dáadáa? Omi tó gbé ọkọ̀ rẹ lọ yóò máa gbé e bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀ lórí pákó, ẹja tó tóbi ju ilé wa lọ kò sì ní ṣèèṣì sín sí ọ lára. Àwa nílé wà láàyè. Orúnkún mi ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ìyá rẹ sì ní ẹnu mi ló yẹ kó máa ro mí, kì í ṣe orúnkún.

Nípa gbogbo ìlú tí mo ní ó pé jọ yẹn, mo bù ú kún díẹ̀. Èèyàn márùn-ún ni, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Òjò ló kó méjì wọlé, ẹnì kan ń sùn, alápatà wà lórí àga tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀, kò lè sá, onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ sì ni ìkarùn-ún. Ẹni tó pàtẹ́wọ́, ẹ̀fọn ló ń pa.

Mo ṣàlàyé fún wọn bí o ti ṣàlàyé fún wa lórí fóònù: pé ẹ máa ń wa ọkọ̀ lọ sáàárín òkun, tí àbùùbùtán, ẹja ńlá yẹn, bá ti yàgbẹ́, tó léfòó, ẹ óò fi àwọ̀n gbé e, ẹ óò rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ óò sì lọ wá họ́mọ̀nù nínú rẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò yín, láti mọ èyí tó lóyún. Onígbàjámọ̀ béèrè ohun tó ń jẹ́ họ́mọ̀nù. Mo ní ìránṣẹ́ ni wọ́n, pé bí oyún bá ti dúró, ilé ọmọ á rán wọn káàkiri ara pé àlejò ti dé, kí gbogbo ilé gbálẹ̀. Àwọn kan nínú wọn á wá ṣìnà gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ibẹ̀ lẹ ti ń mú wọn. Ṣé mo gbà á? Bí n kò bá gbà á, má sọ fún onígbàjámọ̀. Alápatà ní iṣẹ́ wo nìyẹn, kí ọmọ kàwé tó báyìí kó wá máa kó ìgbẹ́ kiri. Mo ní òun tó ń fọ ìfun lójoojúmọ́ ńkọ́, ṣé òdòdó ló ń bá níbẹ̀?

Èyí tí o sọ pé àwọn àbùùbùtán mìíràn lóyún lọ́dún tó kọjá, tí ẹ ò sì rí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́dún yìí, kò kúrò lọ́kàn ìyá rẹ. Ó ní kí n bi ọ́ léèrè ẹni tó máa ń lọ kí àwọn ẹja náà kú ìrọ́jú.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ajẹ̀wé, ewúrẹ́ ìyá rẹ, èyí tó jẹ ìwé ẹ̀rí rẹ tí a fi sọ ọ́ lórúkọ, ó ti di ọdún méjì tó bímọ gbẹ̀yìn. Alápatà ní ó yàgàn, òun yóò wá mú un ní ìparí oṣù. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti gbọ́ ni kò ti jẹun dáadáa. Ewúrẹ́ yìí ló máa ń kí láàárọ̀ kó tó kí mi, mo sì ti gba kádàrá. Ni mo bá là á mọ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aláboyún, pé Ajẹ̀wé ti lóyún, ìmọ̀ ọmọ mi ni mo fi mọ̀. Alápatà rẹ́rìn-ín títí abẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e létí. Ó ní kí n mú ìwé wá láti ọwọ́ rẹ, tó bá ti ní òǹtẹ̀, òun á jáwọ́.

Mo wá mú ọ̀kan nínú àwọn ìgò ọlọ́mọrí pupa tí o gbàgbé sábẹ́ ibùsùn, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tó bá a rìn. Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, Ajẹ̀wé jẹ ẹ́. Onígbàjámọ̀ túmọ̀ èkejì fún mi, mo sì dáhùn láìparọ́. Wọ́n béèrè bí omi ti jìn tó níbi tí a ti rí i. Mo kọ ọ́ pé korobá ni, kò kún. Wọ́n béèrè iye tó bá a rìn. Mo kọ adìẹ mẹ́ta. Wọ́n ní kí ló ń ṣe nígbà tí a rí i. Mo kọ ọ́ pé ó ń jẹ fìlà mi. Wọ́n béèrè bó ti pẹ́ tó lábẹ́ omi kó tó yọjú láti mí. Mo kọ ọ́ pé kò fẹ́ kí òjò kan òun rárá. Gígùn rẹ̀ láti ẹnu dé ìrù ló gbà mí lọ́jọ́ kan gbáko, nítorí okùn tí mo fi ń wọ̀n ọ́n, ó jẹ ẹ́.

Mo tiẹ̀ gbé fóònù lé e níkùn kí o lè gbọ́ nǹkan. Obìnrin inú fóònù ní ẹni tí mo ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo kí i, mo ní kó bá mi sọ fún ọ pé ikùn ni mo gbé fóònù sí, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ó jọ pé òun náà ní wàhálà nílé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ̀lé Ajẹ̀wé kiri ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ṣíbí kí n tó rí ìgbẹ́ náà. Ìgò náà wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Mo ní oògùn ni, kó má ṣí i. Jọ̀wọ́, yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, kí o sì lu òǹtẹ̀, èyí tó tóbi. Bí owó díẹ̀ bá wà, fi kún un, aláboyún kì í jẹ ìwé nìkan. Bí àbùùbùtán kan bá sì yọ̀ǹda rẹ fún ọjọ́ méjì, yà sílé.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lórí omi àti lórí ilẹ̀. Ohun tí o ń wá nínú ìgò, wàá rí i. Lọ́jọ́ tó bá wù ọ́, ìránṣẹ́ ayọ̀ yóò sáré káàkiri ara ìwọ náà. Èmi ò kánjú o, ìyá rẹ ló ń kánjú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Mo gbàgbé ohun kan. Rárá, n kò gbàgbé. Alápatà kò ṣàdédé wá. Èmi ni mo lọ pè é, èmi ni mo sọ fún un pé ewúrẹ́ náà yàgàn, a sì ti fohùn ṣọ̀kan lórí owó rẹ̀ kí n tó délé. Òjò ọdún méjì ti rọ̀ tí a ò fojú kàn ọ́. Owó ọkọ̀ tí n ó fi wá wò ọ́ létí òkun ni mo ń wá. Mo délé, mo bá ìyá rẹ níbi tó ti ń nu ojú ewúrẹ́ náà, n kò lè sọ ọ́. Ẹnu alápatà ló ti gbọ́, òun ló sì ń bá bínú títí di òní. N kò mọ̀ bóyá Ajẹ̀wé lóyún. Mo kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni.