Àkísà Pupa Ara Sítíárìn

Àbúrò,

Mi ò lè dúró wo bí ọkọ̀ Bàbá tó dẹnu kọlẹ̀ ṣe máa kúrò lágbàlá wa, ìdí nìyẹn tí mo fi tètè jáde. Má bínú pé ìwọ nìkan lo máa fà á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á.

Láàárọ̀ yìí, mo dín dísẹ́ẹ̀lì tó ń wọ ẹ́ńjìnnì tírélà tóo máa fi fà á kù, kí agbára rẹ̀ má baà jó kílọ́ọ̀ṣì tó bá ń fa ẹrù. Mo so àkísà pupa mọ́ sítíárìn bí Bàbá ti máa ń ṣe, kí awakọ̀ lè mọ̀ pé agbára ọkọ̀ ò pé. Inú àpò ṣòkòtò tí Bàbá wọ̀ gbẹ̀yìn kó tó kú ni mo ti rí àkísà náà.

Má dán an wò pé o fẹ́ yí nǹkan kan padà lọ́nà. O ṣe é lọ́jọ́sí, o ní ó ń rìn bí ìgbín. Kílọ́ọ̀ṣì jóná lórí òkè, Bàbá fẹsẹ̀ rìn wálé, kò sì bá ẹ wí. Èmi ń bá ẹ wí.

Tóo bá padà délé, tú àkísà yẹn, màá dá agbára ọkọ̀ padà. Mo ya ìdajì rẹ̀ so mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Ìyẹn, má tíì bá mi tú u.